Irun Tí Iná Kò Kàn

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ohun kan wà tí mo ti ń fi pamọ́ láti ìgbà tí mo ti wọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga yìí, mo sì rò pé ó tó àkókò kí n fi ẹnu ara mi sọ ọ́ kí ẹlòmíràn tó bá mi sọ ọ́. Mo mọ irun-ún dì. N kò sọ pé mo máa ń wòran níbi tí wọ́n ti ń dì í o. Mo mọ̀ ọ́n dì ni. Mo lè di ṣùkú, mo lè di kòlẹ́sẹ̀, mo lè di ìpàkọ́ ẹlẹ́dẹ̀. Bí ẹ bá sì fún mi ní òwú dúdú, mo lè kó irun títí tí yóò fi nà gbọọrọ bí ìka ọwọ́.

Onídìrí ni ìyá mi. Ní Abẹ́òkúta ni, kò jìnnà sí Ìtòkú níbi tí wọ́n ti ń ta àdìrẹ. Abẹ́ igi odán kan ni ó ti ń ṣiṣẹ́. Òun a jókòó sórí àpótí, oníbàárà a jókòó sórí ẹní láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀. Èmi ni àkọ́bí. Nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún méje, èmi ni mo máa ń di òwú mú fún un, èmi ni mo máa ń gbé ike àdín, èmi náà ni mo sì máa ń ṣa irun tí ó bá já bọ́ sílẹ̀, nítorí ìyá mi kì í jẹ́ kí irun oníbàárà sùn síta. Ó ní orí ẹni ẹlẹ́ni ni. Nígbà tí mo di ọmọ ọdún mẹ́wàá, bí èrò bá pọ̀ nígbà ọdún, yóò ní kí n bá òun tú irun, kí n bá òun yà á. Láti orí yíyà, kí n tó mọ̀, ọwọ́ mi ti ń dì.

Àwọn ọmọkùnrin àdúgbò sọ mí ní Ìyá Onídìrí Kékeré. Bí orúkọ náà ti máa ń dùn mí tó, n kò lè ròyìn rẹ̀ tán. Mo fi sun ìyá mi. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ṣé n kò tíì rí ẹlẹ́gùn Ṣàngó ni, tí ó jẹ́ ọkùnrin gidi, tí irun orí rẹ̀ sì wà ní dídì bíi ti ìyàwó tuntun. Ta ni ó tó bẹ́ẹ̀ kí ó fi í ṣe yẹ̀yẹ́? Ìdáhùn náà tẹ́ ẹ lọ́rùn, kò tẹ́ mi lọ́rùn. Èmi kì í ṣe ẹlẹ́gùn ẹnì kankan.

Nígbà tí mo dé ibí, tí ẹnì kan bi mí pé kí ni iṣẹ́ ìyá mi, mo ní oníṣòwò ni. Kì í ṣe irọ́ pátápátá, nítorí ó ń ta òwú àti òòyà díẹ̀díẹ̀ níbi iṣẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí mo ń ṣe nígbà tí mo sọ ọ́. Lọ́jọ́ kan, àwọn ọ̀rẹ́ mi ń wo ìwé kan tí ó kún fún àwòrán J. D. 'Okhai Ojeikere, ayàwòrán tí ó bẹ̀rẹ̀ sí ya àwòrán irun àwọn obìnrin Nàìjíríà ní 1968, tí ó sì ti ya tó ẹgbẹ̀rún kan kí ó tó kú ní 2014. Ẹ̀yìn orí ni ó yà nínú púpọ̀ nínú wọn, bí ẹni pé ère ni. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ń pariwo pé iṣẹ́ ọnà ńlá ni èyí. Mo bá wọn mi orí, mo ní iṣẹ́ ọnà ni lóòótọ́, bí ẹni tí kò rí irú rẹ̀ rí.

Èyí tí ó burú jù ṣẹlẹ̀ nínú kíláàsì. Olùkọ́ wa ń kọ́ wa ní ọ̀rọ̀-ìṣe, ó sì bèèrè pé kí ni ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín kí a di irun, kí a kó irun, àti kí a ba irun. Gbogbo wa dákẹ́. Àwọn obìnrin àárín wa, tí onírúurú irun wà lórí wọn, ń wo ara wọn. Èmi mọ̀ ọ́n. Irun dídì ni èyí tí a fi ọwọ́ lásán dì mọ́ awọ orí. Irun kíkó ni èyí tí a fi òwú wé láti ìdí dé ṣóńṣó. Irun bíbà ni èyí tí a kàn pín ní ńláńlá, tí a sì dì wẹ́rẹ́ kí a fi sùn, tàbí kí a fi dúró de ọjọ́ tí àyè onídìrí yóò yọ, kí irun má baà ta kókó. Mo mọ gbogbo rẹ̀ bí mo ti mọ orúkọ mi. Mo sì tẹ orí mọ́ ìwé mi bí ẹni tí ń wá abẹ́rẹ́. Ìgbà tí ó pẹ́, olùkọ́ náà dáhùn ìbéèrè rẹ̀ fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n kò ráyè débi bíbà tí aago fi lù.

Bíbà yìí gan-an ni ó tú àṣírí mi.

Ní ọdún tí ó kọjá, àbúrò mi obìnrin fẹ́ ṣe ìgbéyàwó. Ó ní òun kò fẹ́ irun àtọwọ́dá, òun kò fẹ́ gèlè ní ṣọ́ọ̀ṣì. Irun orí òun gan-an ni kí ó rọ̀ sí èjìká òun, kí ó sì máa ru wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí ìgbì omi. Nígbà tí ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó lọ sí ṣọ́ọ̀bù onírun kan láti dán an wò. Irin gbígbóná ni wọ́n fi ká a fún un, wọn kò sì dúró kí irun náà gbẹ tán lẹ́yìn tí wọ́n fọ̀ ọ́. Ó ní òun gbọ́ tí ó dún ṣàà, òun sì rí èéfín, ṣùgbọ́n obìnrin náà ní kò sí nǹkan, pé bí ó ti máa ń rí nìyẹn. Ní ọjọ́ kejì, bí ó ti ki òòyà bọ irun, ti ẹ̀gbẹ́ òsì bá òòyà jáde, ó gùn tó ìka ọwọ́ kan.

Lẹ́yìn náà ni mo wá kà nípa ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí i. Tí a bá fi òṣùwọ̀n Celsius wọn ooru, omi a máa hó ní 100. Irin tí wọ́n fi ń ká irun a máa gbóná tó 200. Bí fọ́nrán irun bá ṣì mu omi, omi náà yóò hó lójijì láìrí ọ̀nà jáde, yóò sì wú ihò wẹ́wẹ́ sínú fọ́nrán náà bí ihò inú àkàrà. Níbi ihò yẹn ni irun ti ń kán. Àwọn ìyá wa tí wọ́n máa ń sọ pé àwọn ń "dín" irun, ẹ̀fẹ̀ ni wọ́n rò pé àwọn ń ṣe.

Kì í sì í ṣe ilé wa nìkan ni wọ́n ti ń fi iná wá ẹwà. Ará Faransé ni Marcel Grateau, ẹni tí ó sọ ẹ̀mú gbígbóná di ohun èlò irun ní Párís ní 1872, tí àwọn obìnrin ń tò síwájú ilé rẹ̀. Ará Jámánì ni Karl Nessler, ẹni tí ó gbé ẹ̀rọ tirẹ̀ jáde ní London ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún láti mú kí irun ká pẹ́ títí. Orí ìyàwó rẹ̀ ni ó ti kọ́kọ́ dán an wò, ó sì jó irun obìnrin náà kí ó tó mọ̀ ọ́n ṣe. Mo sọ ìtàn yìí fún àbúrò mi láti fi tù ú nínú. Kò rẹ́rìn-ín.

Ìyá mi ni ó pè mí lórí fóònù pé kí n wálé. Ẹ jẹ́ kí n sọ nípa ọwọ́ ìyá mi kí ọ̀rọ̀ yìí lè yé yín. Làkúrègbé ti mú un láti ọdún mélòó kan. Àwọn ìka rẹ̀ ti ká wọnú, kò lè na méjì nínú wọn mọ́. Ẹni tí ó di orí ìyàwó tí n kò lè kà kò lè di bọ́tìnì aṣọ ara rẹ̀. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan orí ọmọ rẹ̀, ó wò ó yíká, ó ní kí a gé ibi tí ó jóná kúrò, kí a gé ẹ̀gbẹ́ kejì bá a dọ́gba, pé èyí tí ó kù ṣì tó oge. Ó wá sọ fún àbúrò mi pé, "Ìgbì tí o ń wá kiri yẹn, ta ní sọ fún ọ pé iná ní ń mú un wá? Ṣé o kò rí bí irun rẹ ti máa ń rí láàárọ̀ nígbà tí mo bá bà á fún ọ, tí a wá tú u?"

Àbúrò mi ní, "Màámi, ta ni yóò wá bà á?"

Ìyá mi kò dáhùn. Ó kàn yí ojú sí ọ̀dọ̀ mi.

"Bọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́," ni àbúrò mi wí.

Mo gbà. Ṣùgbọ́n mo bá wọn dá májẹ̀mú pé inú yàrá ni a ó ti ṣe é, pẹ̀lú ìlẹ̀kùn ní títì.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni a dán an wò. Lákọ̀ọ́kọ́, mo ba irun náà bí omi ti ń kán lára rẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, inú ìdì ṣì tutù. Bí mo ti ń tú u ni ó ń sún kì padà, ó sì ń rùn bí aṣọ tí a ká ní tútù. Ìyá mi ní, "Àkàrà tí kò jiná ni o yọ lórí iná yẹn." Lẹ́ẹ̀kejì, mo jẹ́ kí irun gbẹ jù, mo da àdín lé e, ìdì mẹ́jọ péré ni mo sì bà. Ohun tí mo bá ní òwúrọ̀ ni ìgbì kan tí ó tẹ́ pẹrẹsẹ, tí ṣóńṣó rẹ̀ sì nà gan-an bí ìgbálẹ̀. Nígbà náà ni ìyá mi fa àpótí, ó jókòó tì mí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí fi ẹnu ṣe ohun tí ọwọ́ rẹ̀ kò lè ṣe mọ́.

Ó ní irun tí a fẹ́ bà kò gbọdọ̀ tutù rinrin, kò sì gbọdọ̀ gbẹ. Kí ó rí bí ewé tí ìrì ń kúrò lára rẹ̀ lówùúrọ̀. Ìka ni kí n kọ́kọ́ fi tú kókó, kí òòyà eléyín gbọọrọ tó tẹ̀lé e. Kí n sì máa ti ṣóńṣó bọ̀ wá sí ìdí, nítorí ẹni tí ó bá ti ìdí bẹ̀rẹ̀ ń kó gbogbo kókó jọ sí ojú kan ni. Àdín kò gbọdọ̀ ju èyí tí yóò mú ìka dán. Irun tí ó bá mu epo yó kì í gba omi, irun tí kò bá sì gba omi kò ní gba ìgbì. Bí ìdì bá tóbi, ìgbì rẹ̀ a fẹ̀; bí ó bá tín-ín-rín, ìgbì a súnmọ́ra. Bí a bá fẹ́ èyí tí ó ká roboto bí ìkarahun ìgbín, a kò ní pín in sí mẹ́ta, méjì ni a ó fi lọ́ mọ́ra. Ṣóńṣó rẹ̀ ni a ó ká mọ́ ara rẹ̀, kí a fi òwú so ó, kí ó má baà di ìgbálẹ̀.

Nígbà tí mo dé iwájú orí, níbi tí irun ti fẹ́lẹ́, mo fa ọ̀kan le. Ìyá mi fi igbá-ọwọ́ rẹ̀ gbá mi léjìká. "Rọra," ni ó wí. "Irun kì í ṣe ajigbèsè tí à ń fà lẹ́wù." Ó ní fífà yẹn ní ń sọ ẹ̀bátí àwọn obìnrin di pápá, pé bí awọ orí bá ń dunni lẹ́yìn tí onídìrí dìde, onídìrí ni ó jẹ̀bi.

Mo ti kà nínú ìwé nípa bí ó ti ń ṣiṣẹ́. Ara irun ni ohun tí wọ́n ń pè ní kẹ́rátìnì, ìdè wẹ́wẹ́ sì wà nínú rẹ̀. Ìdè kan le. Òun ni kẹ́míkà rìláṣà máa ń já, bí ó bá sì já báyìí, ó di ìgbà tí irun tuntun bá hù, èyí tí kò ju nǹkan bí ìdajì íǹṣì lóṣù. Ìdè kejì kò le; omi lásán ní ń tú u, bí irun bá sì ti ń gbẹ, yóò tún ara rẹ̀ so ní ipòkípò tí ó bá bá irun náà. Bí ó bá bá a nínú ìdì, yóò so ó bí ìdì. Èyí ni kò fi gba iná. Èyí náà ni òjò fi lè pa gbogbo rẹ̀ rẹ́ ní ìṣẹ́jú kan. Mo ṣe àlàyé yìí fún ìyá mi. Ó gbọ́ ọ tán, ó ní, "Àdìrẹ ni o ń sọ yẹn."

Mo dá ọwọ́ dúró. Èmi tí mo ń kọ́ èdè, ẹ̀gbẹ́ Ìtòkú ni wọ́n bí mi sí, n kò gbọ́ ọ rí títí di ọjọ́ náà pé "dì" tí ó wà nínú àdìrẹ ni "dì" tí ó wà nínú dirun. A di aṣọ, a rẹ ẹ́ sínú aró, ó gbẹ, a tú u, ojú ibi tí okùn wà kò sì parẹ́. Ìyá mi kò mọ ohun tí wọ́n ń pè ní mọ́fíìmù. Ó wo ojú mi, ó ní ṣé orí ń fọ́ mi ni.

Lẹ́ẹ̀kẹta, ó bọ́ sí i. Ó wá ku ọjọ́ gan-an.

Ní alẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ọ̀, ilé wa kún. Yàrá tí mo dá májẹ̀mú lé lórí, àwọn àǹtí wa ti kó ẹrù sí i, àwọn ọmọ kéékèèké sì ti sùn sílẹ̀ níbẹ̀. Kò sí ibòmíràn tí iná ti mọ́lẹ̀ dáadáa bí kò ṣe pálọ̀. Mo jókòó sórí àpótí ìyá mi, àbúrò mi jókòó sórí ẹní láàárín ẹsẹ̀ mi, mo sì ti ba tó ìdì méjìlá nínú ogún nígbà tí àwọn ọ̀rẹ́ mi méjì wọlé. Láti ilé-ẹ̀kọ́ ni wọ́n ti ń bọ̀, ọkọ̀ ti dá wọn dúró lọ́nà. Wọ́n dọ̀bálẹ̀ fún ìyá mi. Wọ́n wá rí mi.

Èkínní fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó tún pa á mọ́ra. Èkejì, tí èmi àti òun jọ wà nínú kíláàsì ọ̀rọ̀-ìṣe yẹn, súnmọ́ wa, ó tẹ̀ ba, ó wo ọwọ́ mi fún ìgbà pípẹ́. Ó ní, "Ṣé dídì nìyí, àbí bíbà?"

Mo ní, "Bíbà ni. Àárọ̀ ọ̀la ni a ó tú u."

Ó ní, "Ìwọ mọ̀ ọ́n lọ́jọ́ tí wọ́n bi wá?"

Gbogbo pálọ̀ ń gbọ́. Ìyá mi ń ṣa irun tí ó já sórí ẹní, bí mo ti máa ń ṣà á nígbà èwe mi, ẹ̀yìn ìka rẹ̀ ni ó sì fi ń kó o jọ nítorí kò lè ṣà á. Kò gbé ojú sókè. Mo ní, "Mo mọ̀ ọ́n." Ọ̀rẹ́ mi ní, "Kí ló dé tí o kò sọ?" N kò rí ọ̀rọ̀ sọ. Mo tún pín irun sí mẹ́ta, mo ń bá iṣẹ́ lọ. Ó pẹ́ díẹ̀ kí ìyá mi tó ní kí ẹnì kan lọ bu oúnjẹ fún àwọn àlejò.

Nígbà tí mo parí, a fi ìborí ṣẹ́dà wé orí rẹ̀, nítorí aṣọ òwú a máa mu omi ara irun kí ó tó ráyè gbẹ fúnra rẹ̀, a sì máa họ ọ́. Ní agogo márùn-ún ìdájí, ìyá mi ti jí wa. Mo fi àdín díẹ̀ pa ìka, mo tú ìdì kọ̀ọ̀kan láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, mo fi ọwọ́ pín in sí wẹ́wẹ́, mo sì gbé òòyà jìnnà sí i. Ìgbì náà dúró. Àbúrò mi gba dígí, kò sọ̀rọ̀. Ó yí orí sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, ó wo ẹ̀gbẹ́ tí ó ti jóná, n kò sì rò pé ó mọ ibi tí ó wà mọ́.

Ní alẹ́ Sátidé, kí ó tó bá ọkọ rẹ̀ lọ, mo tún bà á fún un ní ìdì mẹ́rin ńláńlá, mo sì kọ́ ọkọ rẹ̀ bí yóò ti máa bà á ní alalẹ́. Ojú tì í díẹ̀, ṣùgbọ́n ó kọ́ ọ.

Ní ọjọ́ Ìsinmi, a lọ dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Irun náà ṣì ń ru bíi ti àná. Obìnrin kan láti ẹbí ọkọ fà á wò díẹ̀, ó rí i pé ti orí rẹ̀ ni, ó wá bi ìyá mi pé ta ni ó ṣe é. Ìyá mi wò mí, kò fèsì. Àwọn ọ̀rẹ́ mi dúró tì mí.

Mo ní, "Èmi ni, mà. Ìyá mi ni wọ́n kọ́ mi. Onídìrí ni wọ́n."

Obìnrin náà ní ọmọ òun ń ṣe ìgbéyàwó ní oṣù tí ń bọ̀, èló ni èmi ń gbà? Kí n tó la ẹnu, ìyá mi ti dá iye kan tí ó tó ìlọ́po mẹ́ta èyí tí òun máa ń gbà nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ ṣì dá ṣáṣá. Obìnrin náà kígbe. Ìyá mi ní, "Ọmọ yunifásítì ni. Wọn kì í ná an."